Bọ́ọ̀dù kan, okùn iná 16: ṣé lọ́kọ̀ọ̀kan ló ń fún wọn ní dátà ni, àbí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà?

Fìtílà_Alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Mo ní okùn iná 16. Píksẹ́lì 200, ìyẹn iná kéékèèké tí a lè yan àwọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ló wà lórí okùn kọ̀ọ̀kan, ṣíìpù WS2811 ló ń darí gbogbo wọn, fóltì 5 ni wọ́n ń lò. Tí a bá rò ó pọ̀, ó jẹ́ píksẹ́lì 3,200. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, mo so gbogbo wọn mọ́ra ní ìlà kan ṣoṣo: ìdí okùn kìíní wọ orí ìkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ìkẹrìndínlógún. Mo wá so orí ìlà náà mọ́ ẹsẹ̀ kan lára bọ́ọ̀dù kékeré tí mo ní. Gbogbo iná ló tàn, àwọ̀ wọn sì pé. Àmọ́ tí mo bá ní kí ìmọ́lẹ̀ sáré láti òpin kan dé òpin kejì, ńṣe ló ń fò, kò ṣàn rárá. Ó dà bí ẹni tó ń rìn, tó ń dúró, tó tún ń rìn.

Wọ́n ní kí n wá bọ́ọ̀dù tó ní pọ́ọ̀tù 16, ìyẹn ojú ìsopọ̀ kan fún okùn kọ̀ọ̀kan. Mo ti rí i, ó ti wà lórí tábìlì níwájú mi báyìí. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni kò yé mi. Ṣíìpù ńlá kan ṣoṣo ni mo rí láàárín rẹ̀, kì í ṣe 16. Ṣé pọ́ọ̀tù kìíní ló máa kọ́kọ́ dá lóhùn, tí ìyẹn bá tán kó tó bọ́ sí ìkejì? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ni mo wá jèrè? Mi ò kàn fẹ́ kó ṣiṣẹ́ ṣá, mo fẹ́ mọ ohun tó ń lọ nínú rẹ̀.

---

Irin_Lọ́wọ́

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìdí tí ti àkọ́kọ́ yẹn fi ń fò, torí ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn ìbéèrè yín wà.

Wáyà dátà kan ṣoṣo ló wọ inú píksẹ́lì WS2811. Píksẹ́lì ò ní nọ́ńbà, kò ní orúkọ, kò mọ̀ bóyá òun ni ìkẹta tàbí ìkẹta-lé-ní-ọgọ́rùn-ún. Ohun tó mọ̀ ò ju èyí lọ: bíìtì 24 (0 tàbí 1 ni bíìtì kan) tó bá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi, tèmi ni, èyí tó bá tẹ̀ lé e, mo nà án sí ẹni tó wà lẹ́yìn mi. Ẹ fi ojú inú wo àwọn òṣìṣẹ́ tó tò sílà tí wọ́n ń gba búlọ́ọ̀kù lọ́wọ́ ara wọn. Ẹni àkọ́kọ́ á mú tirẹ̀ sílẹ̀, á wá máa na gbogbo ìyókù sẹ́yìn. Bíìtì 8 fún pupa, 8 fún àwọ̀ ewé, 8 fún búlúù. Tí wáyà bá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn náà, gbogbo wọn á mọ̀ pé ó ti tán, wọ́n á sì gbé àwọ̀ tí wọ́n gbà jáde. Fún àwọn píksẹ́lì àtijọ́, ìdákẹ́jẹ́ náà ò ju máíkírosẹ́kọ́ǹdì (µs, ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá) 50 lọ. Àwọn tuntun míì ń fẹ́ tó 280.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí. Bíìtì kan ń gba máíkírosẹ́kọ́ǹdì 1.25. Bíìtì 24 jẹ́ 30. Nítorí náà píksẹ́lì kan ń jẹ 30 µs lórí wáyà, yálà ó tàn tàbí kò tàn. 3,200 lọ́nà 30 jẹ́ 96,000 µs, ìyẹn mílísẹ́kọ́ǹdì (ms) 96. Kí àwòrán kan tó dé ọ̀dọ̀ píksẹ́lì tó kẹ́yìn, ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ. Ẹ ò lè rí ju àwòrán 10 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìfò tí ẹ ń rí nìyẹn.

Ó wá ku ìbéèrè yín. Okùn kan tó ní píksẹ́lì 200 ń gba 6 ms. Tí bọ́ọ̀dù yín bá ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, 6 lọ́nà 16 jẹ́ 96. Iye kan náà! Ẹ ò jèrè kankan nìyẹn. Ohun tí wọ́n ṣe pọ́ọ̀tù 16 fún ni pé kí gbogbo okùn gba dátà lásìkò kan náà, kí gbogbo rẹ̀ parí ní 6 ms.

---

Wáyà_Pupa

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, mi ò gbà.

Arduino Uno, bọ́ọ̀dù kékeré kan, ni mo fi ń darí tèmi, okùn 4, píksẹ́lì 100 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ń lo FastLED, àkójọ ìlànà tó ń fi dátà ránṣẹ́ sí iná. Okùn kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ tirẹ̀ lára Uno. Mo gbé logic analyser, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbà tí wáyà gòkè àti ìgbà tó sọ̀ hàn, lé àwọn wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti wo ohun tó ń kọjá. Okùn kìíní gba tirẹ̀ fún 3 ms, ó dákẹ́, ìkejì wá bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ìkẹta, lẹ́yìn náà ìkẹrin. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 12 ms. Mo fi ojú mi rí i, lọ́kọ̀ọ̀kan ló ń lọ.

---

Màmá_Píksẹ́lì

Wáyà_Pupa ọmọ mi, òótọ́ lohun tí o rí. Òótọ́ náà sì ni ohun tí Irin_Lọ́wọ́ sọ. Bọ́ọ̀dù méjèèjì ò ṣiṣẹ́ bákan náà ni.

Aago inú Uno ń lù ní ìgbà mílíọ̀nù 16 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí a bá pín in sí 1.25 µs, ìlù 20 péré ló ní fún bíìtì kan. Láàárín ìlù 20 yẹn ó gbọ́dọ̀ gbé wáyà sókè, kó wo bíìtì, kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lásìkò tó yẹ, kó mú bíìtì tó kàn. Kò ráyè wo ibòmíràn. Bí wọ́n ṣe kọ ìlànà tí ò ń lò fún Uno nìyẹn: okùn kan, tó bá tán, òmíràn. Fún okùn 4 tó jẹ́ 100, 12 ms ò burú. Fún 3,200, kò tilẹ̀ ní gbà á, torí báìtì 3 (bíìtì 8 ni báìtì kan) ni píksẹ́lì kan ń gbà nínú mẹ́mórì, Uno ò sì ní ju báìtì 2,048 lọ.

Bọ́ọ̀dù pọ́ọ̀tù 16 gba ọ̀nà míì. Mo fẹ́ ṣàlàyé èyí dáadáa, torí ó wù mí gan-an, ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ rẹwà.

Ẹ wo bí bíìtì kan ṣe rí lórí wáyà. Iye tí WS2812B, irú píksẹ́lì míì, ń lò ni màá mú. Ti WS2811 yàtọ̀ díẹ̀, ọgbọ́n kan náà ni. Níbẹ̀rẹ̀ bíìtì, wáyà gbọ́dọ̀ gòkè. Tó bá jẹ́ 0, á tètè sọ̀, lẹ́yìn nǹkan bí 0.4 µs. Tó bá jẹ́ 1, á pẹ́ lókè, nǹkan bí 0.8 µs kó tó sọ̀. Tí 1.25 bá pé, bíìtì tó kàn bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá kíyè sí i. Okùn 16 ni a ní, gbogbo wọn ló ń gòkè lásìkò kan náà, yálà 0 ni tàbí 1. Lásìkò 0.8, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀. Ibi kan ṣoṣo tí okùn kan ti lè yàtọ̀ sí èkejì ni àárín, ní 0.4: ta ni kó sọ̀, ta ni kó dúró.

Ẹsẹ̀ ṣíìpù kì í sì í dá wà. Inú ṣíìpù ni wọ́n ti kó wọn jọ ní 8, 16 tàbí 32, nọ́ńbà kan ṣoṣo tí a bá kọ síbẹ̀ ló ń sọ ipò gbogbo wọn, lójú kan náà. Nítorí náà, fún bíìtì kan, ohun mẹ́ta péré ni ọpọlọ bọ́ọ̀dù ń kọ. Ó kọ pé kí gbogbo yín gòkè. Lẹ́yìn 0.4 ó kọ pé kí àwọn tó ní 0 sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn 0.8 ó kọ pé kí gbogbo yín sọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń kọ̀wé fún okùn kan, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló ń kọ fún okùn 16. Okùn tó lé sí i ò fi nǹkan kan kún àsìkò.

OctoWS2811, àkójọ ìlànà tí wọ́n kọ fún bọ́ọ̀dù Teensy 3, tilẹ̀ gbé ìkọ̀wé mẹ́ta yẹn fún ọ̀nà DMA mẹ́ta nínú ṣíìpù, ọ̀kan fún ìkọ̀wé kọ̀ọ̀kan. DMA ni apá tó ń kó dátà láti mẹ́mórì lọ síta láì yọ ọpọlọ lẹ́nu. Okùn 8 ń gba dátà lọ, ọpọlọ ń ṣe nǹkan míì.

---

Wáyà_Pupa

Ẹ ṣé gan-an, Mà. Èyí tí ẹ sọ pé àárín nìkan ni wọ́n ti yàtọ̀ ló jẹ́ kó yé mi. Mo ti wo àwòrán bíìtì yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

---

Fìtílà_Alẹ́

Ó yé èmi náà, àmọ́ ibì kan ṣì dí. Dátà tí kọ̀ǹpútà mi ń fi ránṣẹ́, okùn kìíní ló kọ́kọ́ wá tán pérépéré, píksẹ́lì 200, kí ti okùn kejì tó wọlé. Bọ́ọ̀dù sì fẹ́ bíìtì àkọ́kọ́ gbogbo okùn lẹ́ẹ̀kan náà. Báwo ló ṣe ń rí i kó jọ?

---

Irin_Lọ́wọ́

Ìbéèrè gidi nìyẹn, torí ibẹ̀ ni wàhálà bọ́ọ̀dù wà jù. Fífi dátà síta ò le tó yíyí i padà.

Ẹ mú ìwé, ẹ jẹ́ ká lo okùn 3. Báìtì àkọ́kọ́ wọn rèé:

okùn 1: 1 0 0 0 0 0 0 0
okùn 2: 1 1 1 1 1 1 1 1
okùn 3: 0 0 0 0 0 0 0 1

Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kà á ni láti òsì lọ sí ọ̀tún, ìlà kan lẹ́yìn ìkan. Bọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ kà á láti òkè wá sílẹ̀. Òpó kìíní jẹ́ 1, 1, 0: okùn 1 àti 2 á pẹ́ lókè, okùn 3 á tètè sọ̀. Òpó kejì jẹ́ 0, 1, 0. Òpó tó kẹ́yìn jẹ́ 0, 1, 1. Báìtì 8 láti inú okùn 8 á wọlé ní ìbú, báìtì 8 míì á jáde ní ìdúró. Bọ́ọ̀dù ń ṣe èyí fún gbogbo dátà tó ń wọlé, àwòrán kan lẹ́yìn òmíràn.

Kó má baà sí ìdádúró, ààyè méjì ló máa ń wà nínú mẹ́mórì. Bí àwòrán kan ṣe ń jáde láti ààyè kìíní, wọ́n ń to èyí tó kàn sí ààyè kejì, lẹ́yìn náà wọ́n á pààrọ̀ wọn. Àwòrán yín kan jẹ́ báìtì 9,600. Ilọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 19,200.

---

Òṣùmàrè_16

Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un nípa ohun tó lè wà nínú ṣíìpù ńlá tí ẹ rí yẹn, torí ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní ọgbọ́n tirẹ̀.

Inú BeagleBone Black, kọ̀ǹpútà kékeré orí bọ́ọ̀dù kan, ní ọpọlọ kékeré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọlọ ńlá, PRU lorúkọ wọn. Mílíọ̀nù 200 ni ìgbésẹ̀ wọn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni pé wọ́n ní ìgbésẹ̀ 250 fún bíìtì kan, níbi tí Uno ti ní 20. Wọn ò ní iṣẹ́ míì ju kí wọ́n máa gbé ẹsẹ̀ sókè, kí wọ́n sì máa sọ̀ ọ́ lásìkò tó yẹ. Ọpọlọ ńlá á wá gbájú mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré míì, ni tirẹ̀ yà mí lẹ́nu jù. Ó ní ojú ìjáde kan tó ń jẹ́ DPI, ìbòjú ni wọ́n ṣe é fún. Wáyà 24 ló ń gbé àwọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn ń tẹ̀lé aago kan. Àwọn tó ń kọ FPP, ètò tó ń darí iná, wá rò ó pé tí wáyà 24 bá lè gbé àwọ̀ sí ìbòjú, ó lè gbé bíìtì sí okùn iná 24. Pi á rò pé àwòrán lòun ń yà sí ìbòjú, okùn iná ni dátà náà sì ń lọ.

Ṣíìpù ESP32 ní RMT, apá tó ń gbé àmì jáde lásìkò tó péye, ọ̀nà 8, ó sì tún ní I2S tó lè tú bíìtì púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣíìpù RP2040 ní PIO, apá kékeré tó ń darí ẹsẹ̀ láì yọ ọpọlọ lẹ́nu. Àwọn bọ́ọ̀dù míì ń lo FPGA, ṣíìpù tí a lè tún inú rẹ̀ tò, níbi tí wọ́n ti mọ ọ̀nà dátà pọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan sínú ṣíìpù fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àmọ́ ọjà kan náà ni gbogbo wọn ń lọ: kí bíìtì kan náà jáde lórí gbogbo okùn lójú kan náà.

Mo wá ní ìbéèrè tèmi. Tí gígùn àwọn okùn ò bá dọ́gba ńkọ́? Ọ̀kan lára tèmi jẹ́ 800, àwọn tó kù jẹ́ 50.

---

Màmá_Píksẹ́lì

Okùn tó gùn jù ló ń pinnu àsìkò gbogbo wọn. 800 lọ́nà 30 jẹ́ 24 ms. Okùn 50 á parí ní 1.5 ms, á wá dúró de ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún 22.5 ms tó kù. Tí ẹ bá fẹ́ àwòrán 40 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 25 ms lẹ ní fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà 800 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri. Tí pọ́ọ̀tù bá ṣófo, ẹ gé 800 yẹn sí 400 méjì, 12 ms ni gbogbo bọ́ọ̀dù á máa gbà. Ẹ ò ní ná kọ́bọ̀ lé e ju wáyà lọ.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í sábà wò. Nígbà tí okùn 50 bá parí, kí ló ń ṣẹlẹ̀ lórí wáyà rẹ̀? Tí bọ́ọ̀dù bá fi í sílẹ̀ kó dákẹ́, àwọn píksẹ́lì rẹ̀ á gbà pé àwòrán ti pé, wọ́n á sì tàn lójú ẹsẹ̀, ní nǹkan bí 22 ms ṣáájú okùn ńlá. Tí bọ́ọ̀dù bá ń bá a lọ láti máa fi 0 ránṣẹ́, wáyà ò ní dákẹ́, torí bíìtì 0 náà ń gòkè fún 0.4 µs kó tó sọ̀. Gbogbo okùn á wá dákẹ́ pọ̀ lópin, wọ́n á sì tàn pọ̀. Ojú lásán ò fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀, kámẹ́rà fídíò lè rí i.

---

Òṣùmàrè_16

Mo ti ń rí i nínú fídíò mi láti ọjọ́ yìí! Àwọn okùn kúkúrú máa ń ṣáájú díẹ̀. Mo ti ń di ẹ̀bi ru nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Màá gé okùn 800 náà lónìí.

---

Irin_Lọ́wọ́

Ẹ má tíì jẹ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ lómìnira, ó ní tirẹ̀ náà.

Fìtílà_Alẹ́, tí ẹ bá ń lo sACN, èyí tí wọ́n tún ń pè ní E1.31, ìyẹn ọ̀nà kan tí kọ̀ǹpútà ń gbà fi dátà iná ránṣẹ́ ní ìdì-ìdì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìdì kan gba báìtì 512. Píksẹ́lì 170 ló wọ inú rẹ̀, báìtì 2 á ṣẹ́ kù. 3,200 tí ẹ ní á gba ìdì 19 fún àwòrán kọ̀ọ̀kan. DDP, ọ̀nà míì, ń gbé báìtì 1,440 nínú ìdì kan, ìyẹn píksẹ́lì 480, ìdì 7 á kó gbogbo rẹ̀. Àpapọ̀ dátà ò wúwo: báìtì 9,600 lọ́nà 40 jẹ́ 384,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó kéré jù gan-an gbé e láì mí. WiFi ló ń dá a dúró díẹ̀, tó tún ń da púpọ̀ lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Wáyà ni kí ẹ lò.

---

Fìtílà_Alẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. DDP ni mo yàn, wáyà ni mo sì fà.

Mo ti so gbogbo okùn mọ́ bọ́ọ̀dù lálẹ́ àná. Okùn 1 dé 8: ó ń ṣàn bí omi! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ṣùgbọ́n okùn 9 dé 16 ń ṣe wèrèwèrè, àwọ̀ tí mi ò yàn ń bọ́ síta, wọ́n ń ṣẹ́jú, tí mo bá fọwọ́ kan wáyà nígbà míì wọ́n á tún yí padà. Mo gbé okùn 9 sí pọ́ọ̀tù 1, ó ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbé okùn 1 sí pọ́ọ̀tù 9, ó dáa. Okùn 9 dé 16 jẹ́ tuntun, mi ò rò pé wọ́n bàjẹ́. Okùn 3 náà sì dáa títí dé píksẹ́lì 56, láti 57 lọ kò sí ohun tó tàn.

---

Màmá_Píksẹ́lì

Ìdánwò tí ẹ ṣe yẹn dáa púpọ̀, ó ti sọ pé pọ́ọ̀tù ò lẹ́bi. Kí ló ń fún okùn 9 dé 16 níná? Ṣé páwà sọ́pláì ọ̀tọ̀ ni?

---

Fìtílà_Alẹ́

Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Méjì ni mo lò. Èkíní ń gbé bọ́ọ̀dù àti okùn 8 àkọ́kọ́, èkejì ń gbé 8 tó kù tààrà. Wáyà dátà nìkan ló ti bọ́ọ̀dù lọ sọ́dọ̀ wọn.

---

Màmá_Píksẹ́lì

Ibẹ̀ ni. Ẹ so nẹ́gétíífù páwà sọ́pláì kejì mọ́ nẹ́gétíífù bọ́ọ̀dù.

Tí bọ́ọ̀dù bá sọ pé wáyà gòkè dé fóltì 5, ó ń kà á láti nẹ́gétíífù tirẹ̀. Píksẹ́lì náà ń kà á láti nẹ́gétíífù tirẹ̀. Tí méjèèjì ò bá so pọ̀, wọn ò ní ilẹ̀ kan náà tí wọ́n dúró lé láti wọn gíga. Ohun tí bọ́ọ̀dù pè ní òkè lè jẹ́ àárín lójú píksẹ́lì. Ọwọ́ yín tó kan wáyà tó fi ń yí padà ló kọ́kọ́ fi hàn mí.

Nẹ́gétíífù nìkan lẹ máa so o. Ẹ má so pósítíífù méjèèjì pọ̀ láé. Fóltì wọn kì í dọ́gba tán, ọ̀kan á fẹ́ máa ti èkejì.

Ti okùn 3, ẹ wo píksẹ́lì 56 àti 57. Yálà ojú tí 56 fi ń nà án sẹ́yìn ti kú, tàbí ojú tí 57 fi ń gbà á. Ẹ gé 57 kúrò, ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Tí kò bá yí padà, 56 ni.

---

Wáyà_Pupa

Ẹ jọ̀wọ́, ṣíìpù kékeré méjì ẹlẹ́sẹ̀ 20 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ọ̀tù nínú irú bọ́ọ̀dù yìí, kí ni iṣẹ́ wọn? Mo rí 74HCT245 lára wọn.

---

Irin_Lọ́wọ́

Àwọn ló ń gbé ohùn dátà sókè. Ọ̀pọ̀ ṣíìpù ọpọlọ òde òní ń sọ̀rọ̀ ní fóltì 3.3. WS2812B tó ń jẹ fóltì 5 fẹ́ kí òkè tó ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún iná tó ń jẹ, ìyẹn 3.5. 3.3 ò dé ibẹ̀. Lọ́jọ́ míì á ṣiṣẹ́, lọ́jọ́ míì kò ní ṣiṣẹ́, ẹ ò sì ní mọ ohun tó ń ṣe é. 74HCT245 gba 3.3 gẹ́gẹ́ bí òkè, ó sì ń gbé 5 jáde. Wáyà 8 ni ọ̀kan ń gbé, ìdí tí wọ́n fi jẹ́ méjì fún pọ́ọ̀tù 16 nìyẹn. Rẹ̀síítọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn wọn, tó sábà máa ń wà láàárín 33 sí 100 ohm, kì í jẹ́ kí dátà máa ta padà lórí wáyà.

Láti bọ́ọ̀dù dé píksẹ́lì àkọ́kọ́ ni ibi tó le jù, torí láti ibẹ̀ lọ, píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ń tún dátà ṣe kó tó nà án sẹ́yìn. Tí píksẹ́lì àkọ́kọ́ bá jìnnà, ẹ fi píksẹ́lì kan sí àárín ọ̀nà, ẹ sọ fún bọ́ọ̀dù pé kó fi í sílẹ̀ láì tàn, á tún dátà ṣe fún èyí tó kàn. Tó bá jìnnà gan-an, àwọn bọ́ọ̀dù kan ń fi dátà ránṣẹ́ lórí wáyà Cat5, wáyà méjì tó lọ́ mọ́ra fún okùn kan. Méjì-méjì mẹ́rin ló wà nínú Cat5, okùn 4 nìyẹn, bọ́ọ̀dù kékeré kan á sì gbà á lọ́hùn-ún.

---

Fìtílà_Alẹ́

Mo so nẹ́gétíífù. Ìṣẹ́jú kan péré. Gbogbo okùn 8 náà balẹ̀. Píksẹ́lì 57 ló bàjẹ́ lórí okùn 3, mo ti pààrọ̀ rẹ̀.

Mo yá logic analyser, mo gbé e lé pọ́ọ̀tù 1 àti pọ́ọ̀tù 16. Wọ́n gòkè pọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ìdákẹ́jẹ́ jẹ́ 6.3 ms. Ohun tí ẹ ṣírò fún mi gẹ́lẹ́ ni.

---

Wáyà_Pupa

Ẹ kú oríire! Tó bá jẹ́ 6.3 péré, ẹ ò kúkú so okùn méjì-méjì mọ́ra? 400 lórí pọ́ọ̀tù kan á jẹ́ 12 ms, ó ṣì kéré sí 25. Pọ́ọ̀tù 8 á tó, 8 á ṣẹ́ kù fún ọjọ́ iwájú.

---

Màmá_Píksẹ́lì

Dátà gbà á. Iná ni kò gbà á.

Píksẹ́lì kan tó funfun tán lè jẹ tó 60 mílíáńpù. 200 á jẹ áńpù 12. Fíúsì orí pọ́ọ̀tù bọ́ọ̀dù irú èyí sábà máa ń jẹ́ áńpù 5. Fìtílà_Alẹ́, mo nírètí pé ẹ ti fi ààlà sí ìmọ́lẹ̀ o? Tí ẹ bá fi í sí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, okùn kan á jẹ 3.6, fíúsì á gbé e. Okùn méjì lórí pọ́ọ̀tù kan á jẹ 7.2, fíúsì á já. Inú bọ́ọ̀dù ni kí ẹ fi ààlà náà sí, má jẹ́ kó jẹ́ inú kọ̀ǹpútà nìkan, kí ẹlòmíì má baà tẹ funfun láì mọ̀.

Ẹ tún wo ìparí okùn kọ̀ọ̀kan nígbà tó bá funfun. Tó bá ń pọ́n díẹ̀, fóltì ti rẹ̀ kó tó dé ibẹ̀. Búlúù àti àwọ̀ ewé nílò fóltì tó ju ti pupa lọ, àwọn ló máa kọ́kọ́ rẹ̀, pupa á ṣẹ́ kù. Ẹ fa wáyà iná nípọn láti páwà sọ́pláì tó ń gbé okùn náà, kó lọ wọ ìdí rẹ̀ tààrà.

---

Fìtílà_Alẹ́

Ìparí okùn 5, 6 àti 14 ló ń pọ́n, Mà. Mo rí i lálẹ́ yìí lẹ́yìn tí ẹ sọ ọ́. Mo ti fa wáyà sí ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ti funfun. Ìdá 30 ni mo fi ìmọ́lẹ̀ sí, inú bọ́ọ̀dù.

Pọ́ọ̀tù 16 náà ni màá lò. Mo ti kọ nọ́ńbà sára tépù, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ wáyà dátà kọ̀ọ̀kan, 1 dé 16. Ọ̀la ni mò ń gbé e gun òrùlé.